Iná Tí Kì Í Rú Èéfín

Ẹran àgùntàn inú agolo, tí ọ̀rá rẹ̀ ti dì funfun bí ikun imú, ni àwọn ọmọ ogun Garhwal ń jẹ ní gbogbo ìgbà tí àwọn Japan fi dó ti òkè náà. Wọ́n á fi ọ̀bẹ ẹnu ìbọn ṣí agolo, òórùn ni yóò kọ́kọ́ jáde kí ẹran tó yọjú, bí ìgbà tí èèyàn tú aṣọ tútù tí wọ́n ti gbàgbé sínú àpò. Ẹni tó bá láyà á di imú, á ki ìka bọ̀ ọ́, á gbé e mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu. Ẹni tí kò láyà á bì í. Bí ó bá sì ti bì í, eṣinṣin á bo ibẹ̀, eṣinṣin kan náà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lójú òkú tó sùn lọ níwájú wáyà ẹlẹ́gùn-ún.

Ọdún 1944 ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lórí àwọn òkè tí àwọn Naga ń gbé ní ìlà-oòrùn India. Ẹgbẹ́ ọmọ Garhwal kan, àwọn ará òkè àríwá India tó ń jà fún Òyìnbó, ló ń ṣọ́ òkè kan lẹ́bàá ọ̀nà, kí àwọn Japan má baà gba ibẹ̀ kọjá wọ India. Àwọn Japan yí wọn ká, wọ́n dí ọ̀nà omi, wọ́n dí ọ̀nà oúnjẹ. Ohun tí ọkọ̀ òfurufú bá fi agboorùn ńlá sọ̀ kalẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí jẹ, afẹ́fẹ́ sì máa ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ fún ọ̀tá. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn ti kú láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdótì. Subedar Alam Singh Rawat, ọ̀gá ọmọ India tó tẹ̀ lé e, ló gba ipò rẹ̀, àgbàlagbà sójà tó ti jagun rí nílẹ̀ Faransé, tí irun ètè rẹ̀ ti funfun, tí gbogbo wọn sì ń bẹ̀rù ju ọta ìbọn lọ.

Òkú pọ̀ lórí òkè náà ju alààyè lọ. Kò sí ẹni tó lè jáde lọ sin wọ́n. Nínú ọ̀gbun tó wà lẹ́yìn òkè ni àwọn ìbaaka tó ń ru ẹrù wọn kú sí lọ́jọ́ tí àgbá kọ́kọ́ dún. Wọ́n ti wú, ikùn wọn ti le bí ìlù, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti ibẹ̀ fẹ́ wá, àwọn ọkùnrin tó ti pààyàn rí á fi aṣọ bo imú wọn bí ìyàwó tuntun.

Wọn ò lè dáná. Ọ̀pá oparun tútù ni igi tó wà níbẹ̀, èéfín rẹ̀ a máa ga bí òpó. Àwọn méjì kan ti dán an wò níbẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀wà pẹẹpẹ̀ẹ̀pẹ́ kaná nítorí pé ọ̀kan nínú wọn kò fẹ́ fi ẹnu kan ẹran tí kò mọ ẹni tó pa á. Ẹ̀wà kò tíì rọ̀ tí ọta àgbá fi já lé wọn lórí. Ẹ̀wà àti àwọn tó ń sè é ni wọ́n jọ ha kúrò lára ògiri yàrà. Láti ọjọ́ yẹn ni Subedar ti ní òun ò fẹ́ rí èéfín mọ́, ìbáà ṣe ti sìgá.

Ṣùgbọ́n inú ò gba oúnjẹ tútù mọ́. Ìgbẹ́ ọ̀rìn ti mú ọ̀pọ̀ nínú wọn, òjò ń rọ̀ sínú yàrà, ọ̀rá dídì sì ń lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu wọn bí ìda. Ni kálukú bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọgbọ́n. Àwọn kan rọ epo pẹtiróòlù sórí iyanrìn nínú agolo, wọ́n tanná ràn án, ó dára títí epo fi tán. Àwọn kan fi agolo ẹran sí abíyá sùn, tàbí sáàárín itan, kó lè lọ́ wọ́ọ́wọ́, ó sì ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba kí òórùn tiwọn kún tirẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ya aṣọ tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀, wọ́n ṣe é bí òwú fìtílà, wọ́n rì í bọ inú ọ̀rá tí wọ́n fi ń pa bàtà. Èyí jó, ṣùgbọ́n ó ń kun ojú wọn dúdú, ó sì ń rùn bí awọ màlúù tí wọ́n ń fín.

Kundan Bisht ló máa ń fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ọ̀rá màlúù wà nínú rẹ̀, màlúù sì jẹ́ mímọ́ nínú ẹ̀sìn wọn. Ọmọ abúlé kan náà ni òun àti Trepan Singh Negi, orísun omi kan ni wọ́n jọ mu dàgbà. Kundan wà lára àwọn tó ń ṣọ́ imú òkè, níbi tó sún mọ́ ọ̀tá jù lọ. Trepan ní tirẹ̀ ni olórí àwọn tó ń yin àgbá kúkúrú kan ṣoṣo tí wọ́n ní, irú èyí tí wọ́n ń ju ọta sí lẹ́nu, tí ọta á fò sókè kó tó já lé ọ̀tá lórí. Okùn tẹlifóònù ló so ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì pọ̀.

Kundan sọ fún un lọ́jọ́ kan lórí okùn náà pé, "Ọ̀rá màlúù ni mo fi se oúnjẹ àná o. Bí a bá délé, àlùfáà á fi ìtọ̀ màlúù fọ̀ mí títí awọ ara mi á fi bó."

Trepan ní, "Kó yáa fọ̀ ọ́ dáadáa. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́ lo ti ń rùn."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Trepan ló kọ́kọ́ rí iná tó dára jù lọ. Ọta àgbá wọn ní àwọn àpò ẹ̀tù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń há sí ìrù rẹ̀. Àpò yìí ló ń fún un lágbára láti fò jìnnà. Ọmọ náà tú ọ̀kan sórí agolo, ó tanná sí i. Iná náà mọ́lẹ̀ rekete, kò rú èéfín rárá, omi ife kan sì hó kí èèyàn tó gba àdúrà kúkúrú tán. Inú wọn dùn. Lọ́jọ́ kejì ẹlòmíràn ti ń wá ẹ̀tù tọrọ.

Bí Subedar ti gbọ́, ó pe gbogbo ẹni tó lè fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ sínú ihò ńlá tó wà láàárín òkè. Kò pariwo. Ó mú àpò ẹ̀tù kan dání, ó ń fi í lu àtẹ́lẹwọ́.

Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ Badri, ọmọ òkè oníyìnyín, ọmọ odò tí kì í gbẹ. Ìyẹ́ ọta wa nìyí. Bí a bá tu ìyẹ́ ẹyẹ, ṣé ó tún máa fò? Ọta tí kò bá ní ìyẹ́ máa bà sórí ẹni tó sún mọ́ wa, àwọn ará wa ló sì sún mọ́ wa jù. Ebi ń pa èmi náà. Inú ń run èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi èyí se tíì, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìyá rẹ̀ ló ń mu."

Lẹ́yìn náà ó bu iyọ̀ sínú ìdérí agolo, ó gbé e yíká. Ẹni kọ̀ọ̀kan fi iyọ̀ sórí ahọ́n, ó fi Badri Tó Tóbi, òrìṣà ilẹ̀ wọn, búra pé, "Iyọ̀ tí mo jẹ, bí mo bá dà á, kó dà mí." Trepan búra. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ búra. Havildar Bharosa Singh, sájẹ́ǹtì tó ń mójú tó ilé ẹrù, náà fi iyọ̀ sórí ahọ́n, ó búra, ó tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu irun ètè rẹ̀.

Kò sẹ́ni tí àwọn ọmọ ogun wọ̀nyẹn fẹ́ràn tó Bharosa. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wọn ń pè é. Òun ló kọ́ Trepan bí wọ́n ti ń di aṣọ mọ́ ẹsẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ogun. Oúnjẹ àti ẹ̀tù, inú ihò kan náà ni wọ́n ń kó wọn sí, Bharosa sì ló ń sùn sí ẹnu ihò náà. Àwọn tó fara gbọgbẹ́ wà ní yàrà tó kángun sí i, tó fi jẹ́ pé òun ló ń gbọ́ igbe wọn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìbúra ni Bharosa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tíì gbígbóná jáde. Ó kọ́kọ́ gbé e fún àwọn tó fara gbọgbẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ń gbé e yí yàrà kiri, bí wọ́n ti ń kan ara wọn, pẹ̀lú ẹran agolo tí ọ̀rá rẹ̀ ti yọ́, tó ń ta sùṣùṣù. Àwọn ọkùnrin sunkún nítorí ẹran yẹn. Wọ́n bi í ní ohun tó fi dáná, ó ní ọ̀rá bàtà ni, pé òun pò ó mọ́ ìda tí wọ́n fi di ẹnu àpótí, ọgbọ́n tí òun kọ́ lọ́dọ̀ ìyá òun. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé wá bá òun, kí afẹ́fẹ́ má baà pa iná òun. Kò sẹ́ni tó béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Trepan mu tíì náà dé ìsàlẹ̀, ó bá kíkorò kan pàdé níbẹ̀. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ó mọ irú ẹ̀fọ́rí yẹn. Gbogbo ẹni tó bá ń fọwọ́ kan ẹ̀tù ló mọ̀ ọ́n, ó máa ń lù níwájú orí bí ẹni ń kan ìṣó. Ó gbójú sókè wo Bharosa, ó rí i pé ó fi ọ̀já di orí rẹ̀ le koko, bó ti ń ṣe láti ìgbà díẹ̀. Ojú wọn pàdé. Bharosa bi í bóyá ó ti gbọ́ ìròyìn ilé. Trepan ní òun ò tíì gbọ́. Ó wá mu ìyókù tíì rẹ̀ tán, nítorí pé ó gbóná.

Àárọ̀ kan tí ìkùukùu wà nílẹ̀ ni àwọn Japan gun imú òkè. Ìbọn dún, igbe ta, tẹlifóònù ké. Kundan ló wà lórí okùn. Ó ní wọ́n pọ̀, wọ́n ti dé ibi wáyà, kí Trepan da ọta sí ẹ̀yìn wáyà kíákíá. Trepan mọ ibẹ̀ dáadáa, ó ti wọ̀n ọ́n láìmọye ìgbà. Àpótí òkè ti tán, wọ́n ṣí èyí tó wà nísàlẹ̀. Òjò ń rọ̀ sí wọn lójú. Wọ́n há àpò ẹ̀tù sí ìrù ọta bó ti yẹ, ó jù ú sí ẹnu àgbá. Ọta fò. Ó ju èkejì, ó ju ẹ̀kẹta. Ariwo tí àgbá ń ṣe kò dún bó ti máa ń dún, àfi bí ẹni ń wúkọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jagun kì í dúró fetí sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ju òmíràn.

Ohùn Kundan wọ etí rẹ̀ nínú tẹlifóònù. Kò pariwo. Ó dà bí ẹni pé ó ń ṣàlàyé nǹkan fún ọmọdé.

"Trepan, àwa lò ń pa."

Lẹ́yìn náà okùn dákẹ́.

Trepan kò ju ọta mọ́. Ó gbọ́ tí Subedar ń ké pe Badri Tó Tóbi, tó kó àwọn tó kù jáde pẹ̀lú ọ̀bẹ ẹnu ìbọn, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí imú òkè. Ìjà náà kò pẹ́. Wọ́n lé àwọn Japan padà sísàlẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹ̀gbẹ́ àgbá ni Trepan kúnlẹ̀ sí. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn àpò ẹ̀tù, ó rí i pé okùn tí wọ́n fi rán ẹnu rẹ̀ kì í ṣe okùn ilé iṣẹ́, òwú aṣọ sójà ni. Ó fi eyín ya á. Ohun tó dà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dúdú, ó rọ̀, ó ti gbẹ. Ó gbé e sí imú.

Ewé tíì ni, èyí tí wọ́n ti lò, tí wọ́n sá gbẹ.

Ó ya òmíràn, ewé tíì ni. Ó ya òmíràn. Nígbà tí àwọn tó gbé òkú bọ̀ fi dé, ewé tíì ti kún iwájú rẹ̀. Kundan wà lára àwọn tí wọ́n gbé bọ̀, bí èèyàn bá lè pe èyí tí wọ́n gbé bọ̀ yẹn ní Kundan. Èébì gbé Trepan. Kì í ṣe ohun tó rí ló mú un bì. Adùn tíì yẹn ló padà wá sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, pẹ̀lú kíkorò ìsàlẹ̀ ife, ó ń bì ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan bì jáde, ó ti wọ ara rẹ̀ tipẹ́.

Ọ̀sán yẹn ni Subedar gbọ́ ẹjọ́ náà nínú ihò ńlá. Bharosa kò sẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó bọ́ ọ̀já orí rẹ̀ sílẹ̀, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti ń retí kí wọ́n bi òun. Ó ní òun ń gbọ́ bí eyín àwọn tó fara gbọgbẹ́ ti ń gbá ara wọn nítorí òtútù. Ó ní wọn ò lè gbé ọ̀rá dídì mì, bí wọ́n bá gbé e mì wọ́n á bì í, bí wọ́n bá bì í ọgbẹ́ wọn á tún ya, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kú, òun ló sì ń fọwọ́ ara òun pa ojú wọn dé. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti gbé tíì gbígbóná fún wọn, kò sẹ́ni tó kú mọ́ nínú wọn. Àwọn àpótí ìsàlẹ̀ pátápátá ni òun mú lára rẹ̀.

Ó ní, "Mo rò pé ìrànlọ́wọ́ á ti dé kí a tó kàn wọ́n, Sahib."

Subedar bi í pé, "Ìwọ lo fi ewé tíì dí i?"

"Èmi ni, Sahib."

"Ohun tí mi ò lè gbé mì nìyẹn. Àánú lè mú kí èèyàn jalè, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó sá ewé tíì gbẹ, tó jókòó pẹ̀lú abẹ́rẹ́, tó ń rán an lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó fẹ́ yin àgbá má baà mọ̀! Ìgbà wo ni àánú ń rán abẹ́rẹ́, Bharosa?"

Trepan fa ìbọn rẹ̀ yọ. Subedar fi ọwọ́ lé ẹnu ìbọn náà, ó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, ó ní òun ò ní ọta tí òun máa fi ṣòfò, òun ò sì ní ọmọ ogun tí òun máa fi ṣòfò. Ó wá dá ẹjọ́ náà bí wọ́n ti máa ń dá a ní abúlé wọn. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba oúnjẹ lọ́wọ́ Bharosa, kò gbọdọ̀ gba omi, kò gbọdọ̀ bá a mu sìgá. Òkú ni kó máa gbé.

Bharosa dìde. Nígbà tó dé ẹnu ihò ó yíjú padà.

"Ó dáa, Sahib. Àwọn tó fara gbọgbẹ́ ńkọ́? Kí ni wọ́n máa jẹ lálẹ́ yìí?"

Ohun tó bí Trepan nínú jù lọ lọ́jọ́ náà nìyẹn, pé olè yẹn tún lẹ́nu láti béèrè ìbéèrè, pé ìbéèrè náà sì tọ́. Ọ̀rá bàtà ti tán, wọ́n ti ha gbogbo bàtà gbẹ. Pẹtiróòlù kò sí. Subedar fi ìka ta irun ètè rẹ̀ títí, lẹ́yìn náà ó mú ọ̀bẹ àti garawa kan, ó ní kí Trepan máa bọ̀.

Ọ̀gbun tí àwọn ìbaaka kú sí ló gbà lọ.

Ìkùukùu ti bo ibẹ̀, ọ̀tá kò lè rí wọn. Trepan di imú àti ẹnu, síbẹ̀ òórùn náà ń gba ojú wọlé. Àwọn ẹran náà ti wú débi pé ẹsẹ̀ wọn na sókè, ìdin ń mì lábẹ́ awọ wọn tó fi dà bí ẹni pé wọ́n ṣì ń mí. Ní ilẹ̀ Garhwal, ọmọ ìdílé ajagun bíi Rawat kì í fọwọ́ kan òkú ẹran. Àwọn tí wọ́n ń ṣe awọ ló ń ṣe é, wọn kì í sì í jẹ́ kí àwọn yẹn sún mọ́ kànga. Subedar dúró díẹ̀. Ó bọ́ okùn mímọ́ tó fi kọ́ èjìká láti ìgbà èwe rẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀ka igi kan. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ti ọ̀bẹ bọ ikùn ìbaaka tó sún mọ́ ọn.

Ohun tó tú jáde kọ́kọ́ jẹ́ afẹ́fẹ́. Trepan ṣubú lulẹ̀, ó bì. Nígbà tó gbójú sókè, apá Subedar ti wọlé dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń fa ọ̀rá yọ ní ègé ègé, ó ń gbọn ìdin kúrò lára rẹ̀, ó ń jù ú sínú garawa. Ojú rẹ̀ ń da omi.

Ó ní, "Bí ìyàwó mi bá gbọ́, mi ò ní wọ ilé ìdáná rẹ̀ mọ́ láéláé." Ó tún gé ègé mìíràn. "Nítorí náà, má sọ fún un."

Trepan dìde, ó mú ọ̀bẹ tirẹ̀.

Kí ìkùukùu tó ká, wọ́n fi pákó àpótí gbígbẹ yọ́ ọ̀rá náà nínú ihò, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n dà á sínú àwọn agolo, wọ́n fi aṣọ tí wọ́n ya ṣe òwú sí i. Iná náà kéré, ó pọ́n, èéfín rẹ̀ kò tó ohun tí ojú ọ̀tá lè rí. Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ wọnú gbogbo nǹkan. Ó wọnú tíì, ó wọnú ẹran, ó wọnú irun wọn, ó sì jókòó sórí ahọ́n wọn bí ẹni tó ní ibẹ̀. Àwọn tó fara gbọgbẹ́ yí ojú kúrò. Ọ̀kan ní kí wọ́n kúkú jẹ́ kí òun kú ní mímọ́.

Subedar wá jókòó sáàárín wọn lórí ẹrẹ̀. Ó gba agolo ẹran kan tó ń ta sùṣùṣù, ó jẹ ẹ́ níṣojú wọn, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, kò yára gbé e mì. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Nígbà kan ọ̀fun rẹ̀ gbé e padà wá, ó pa ẹnu dé, ó tún gbé e mì lẹ́ẹ̀kejì. Ó fi ìka ha ìsàlẹ̀ agolo, ó lá a. Nígbà náà ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Trepan ń fi ṣíbí fún ọ̀kan tí ọta ti fọ́ lójú méjèèjì. Ọkùnrin náà jẹ ẹnu méjì, ó dá ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Bharosa dà? Tirẹ̀ kì í rùn báyìí."

Trepan wo ọ̀nà ibi tí Bharosa ti ń fa òkú kan lẹ́sẹ̀ kọjá nínú ẹrẹ̀. Ó ní, "Ya ẹnu."

Bí wọ́n ti ń jẹun nìyẹn títí àwọn tó wá gbà wọ́n fi já ọ̀nà wọlé. Oòrùn ràn lọ́jọ́ náà. Wọ́n kó gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí àwọn alásè ti dáná gbangba, tí èéfín ń lọ sókè tí kò sẹ́ni tó kà á sí. Dókítà òyìnbó kan yẹ àwọn tó fara gbọgbẹ́ wò, ó mi orí, ó ní ó yẹ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú. Ó bi wọ́n pé ta ló ń fún wọn ní oúnjẹ gbígbóná láàárín irú ìdótì bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn dárúkọ Bharosa. Dókítà ní kí wọ́n fi ọkùnrin náà han òun. Subedar wo ilẹ̀, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ sọ ohun tí Subedar kò sọ. Dókítà bọ Bharosa lọ́wọ́. Bharosa jẹ́ kí ó bọ̀ ọ́, ó dúró bí igi.

Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn tò níwájú ìkòkò tíì. Ẹni tó wà níwájú Bharosa sún síwájú, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sún sẹ́yìn, ó wá dá dúró láàárín bí ẹlẹ́tẹ̀. Alásè kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó na ife sí i. Bharosa kò gbà á. Àwọn tó fara gbọgbẹ́ ń pè é láti orí ibùsùn wọn pé, "Ẹ̀gbọ́n, gbé tiwa wá." Ó wo Trepan.

Trepan gba garawa tíì lọ́wọ́ alásè. Ó kún, ó ń hó. Ó gbé e dé iwájú Bharosa, ó gbé e kalẹ̀ sórí koríko, kí ọwọ́ wọn má baà kanra.

Ó ní, "Wọ́n ń pè ọ́. Gbé e lọ fún wọn. Àwọn lè mu ún lọ́wọ́ rẹ, wọn ò mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi àti ìwọ ò ní jọ mu nǹkan kan mọ́ títí a ó fi kú."

Bharosa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé garawa náà, ó lọ. Ó ń bu tíì fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé orí wọn sókè jẹ́jẹ́ kó má dà sí wọn láyà, wọ́n sì ń súre fún un. Trepan dúró, ó ń wò ó. Ó ronú pé bí òun bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, òun náà ì bá súre.

Nígbà tí ogun parí, Trepan padà sí abúlé. Ìyá Kundan wá bá a ní àgbàlá, ó jókòó sílẹ̀, kò béèrè bí ọmọ òun ti kú. Bóyá wọ́n ti sọ fún un pé ọ̀tá ló pa á, bóyá ó kàn mọ ohun tí kò yẹ kí ìyá béèrè. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́ mọ̀. Ṣé ọmọ òun rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀?

Trepan ní, "Ó rí oúnjẹ jẹ, ìyá."

"Ṣé ó gbóná?"

Ìyàwó Trepan ń gbé búrẹ́dì pẹlẹbẹ bọ̀ láti ilé ìdáná, ọ̀rá bọ́tà ń yọ́ lórí rẹ̀. Òórùn ọ̀rá gbígbóná náà dé imú Trepan. Ó dìde wéré, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ. Ìyá Kundan gbọ́ bó ti ń bì níbẹ̀, ó sì dúró dè é títí ó fi nu ẹnu rẹ̀ tó padà wá jókòó.

Trepan ní, "Ó gbóná."